Ẹkún Tí Kò Ní Ohùn

Ìyá onílé ni mí nínú fídíò tó lé ní ogójì. N kì í ṣe ọ̀gá eré. Ẹlòmíì ló ń jalè, ẹlòmíì ló ń sá, èmi ni wọ́n máa ń da omi ìfọṣọ lé lórí. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú eré wa. Ojú àti ara la fi ń ṣe é, wọ́n á wá fi orin dùùrù tó ń sáré sí i. Láti ìgbà tí mo ti ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ṣé kò ní ẹ̀rín lẹ́nu ni?" Ọmọge ni mí nígbà yẹn, ó di ìrọ̀rí mọ́ mi nídìí, ó ní ojú mi gbó ju ọjọ́ orí mi lọ. Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí yẹn ló fún mi níṣẹ́.

Nígbà tí ọkọ mi rí iṣẹ́ care, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ní Wigan nílùú Òyìnbó, tí a kó wá sí Manchester, mo rò pé eré ti parí. Bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range ló dá mi mọ̀. "Sister, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣubú sínú garawa?" Èmi ni. Òun náà ń fi fóònù ya irú eré yẹn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo ṣe tún di ìyá onílé nìyẹn. Lẹ́yìn tí mo bímọ, n kò nílò ìrọ̀rí mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́rin, ó ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò le: kí n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, bí Bùrọ̀dá bá ti pàtẹ́wọ́, kí n jáde, kí n rí i pé ayálégbé ti jẹ ọbẹ̀ mi tán, kí n káwọ́ lérí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí fóònù mi fi dún. Aládùúgbò wa kan ní Abẹ́òkúta ni. Mo gbé e, mo fẹ́ sọ pé màá pè wọ́n padà. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní tiwọn: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ọmọ mi. Ọlọ́run á tu yín nínú. Màmá ṣe bẹbẹ."

"Màmá wo?"

"Háà! Wọn ò tíì sọ fún ọ ni?"

Wọn ò tíì sọ fún mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ọmọ ń mu ọyàn mi lọ́wọ́, kí wọ́n ní sùúrù.

Bùrọ̀dá pàtẹ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá torí ìyẹn ni mo fi jáde. Mo káwọ́ lérí, mo ṣubú jókòó sórí koríko tútù, mo ń pe Màmá mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá gbé fóònù tẹ̀ lé mi dé ilẹ̀. "Ẹ má dúró, ẹ má dúró, ó dùn!" Ìgbà tí ọmọ mi jí, tó ń ké, tí n kò bojú wò ó, ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí.

Wọ́n sin Màmá láìsí mi. Ọmọ mi ò tíì ní páàsípọ́ọ̀tù, n kò sì lè fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, Bùrọ̀dá wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ojú ń tì í. "Sister, fídíò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́ báyìí." Mo wò ó. N kò ní parọ́: ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó dára. Látọdún tí mo ti ń ṣubú, n kò ṣubú báyẹn rí. Mo ní kó gbé e jáde.

Gbogbo ayé ló wò ó. Ní ọjà Bury, obìnrin òyìnbó kan tó ń ta ẹja rí mi, ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ọmọ mi kúrò níbẹ̀ kíá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Àwọn ló tọ́jú Màmá dópin, àwọn nìkan ló sì kù tí mo lè pè ní ilé. Ohùn wọn le. "Wọ́n fi fídíò rẹ hàn mí. Ṣáájú ikú Màmá ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dá mi lóhùn. Torí bó bá jẹ́ pé Màmá ti wà ní mọ́ṣúárì tí ò ń yí nílẹ̀ fún òyìnbó, má pè mí mọ́ láéláé."

Òtítọ́ ni pé ẹkún Màmá ni. Òun nìkan ni mo sun, omi ò tún jáde lójú mi lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé mo mọ̀ pé ẹkún Màmá ni, mo sì gbé e fún ayé kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín?

"Ṣáájú ni," mo ní. "Eré lásán ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! O já mi láyà. Wo bí o ṣe ká ojú kò bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó!" Mo gbọ́ tí wọ́n tún ṣí fídíò náà, dùùrù ń sáré lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. N kò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí látìgbà tí Màmá ti kú.

"Dúró ná, níbí yìí, kí lẹnu rẹ ń sọ? Ó jọ pé ò ń pe èèyàn."

"Kò sí nǹkan kan," mo ní. "Ẹnu lásán la máa ń mì."