Bí Mo Ṣe Gbá Ráúńdà fún Ìlú Méjì nínú Eré Kan Ṣoṣo

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkéré, tí mo lè sáré yí pápá ká láìdi orúnkún mú, eré ráúńdà gbà wá lọ́kàn ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi obìnrin yóò rántí. Àwọn ọkùnrin ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwọn lápá ìsàlẹ̀ pápá, àwa ní tiwa lápá òkè. Òpó mẹ́rin la máa ń rì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù sí ọ, ìwọ yóò fi igi gbá a, wàá sì ki eré mọ́lẹ̀, kí o lè yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí àwọn tó ń ṣọ́ pápá tó rí bọ́ọ̀lù gbé padà. Bí o bá yí i ká tán, ẹgbẹ́ rẹ ti ní ìyípo kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá hán bọ́ọ̀lù rẹ kí ó tó balẹ̀, o ti jáde nìyẹn, lọ jókòó.

Bàbá Moróunkẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ló gé igi tí a fi ń gbá a. Káfíńtà ni, àjẹkù pákó ìlẹ̀kùn ẹnì kan ló fi ṣe é, ìdí nìyí tí ihò ìṣó fi wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wa jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí irun ara rẹ̀ ti re tán, tó ń dán bí orí bàbá àgbà. Kí a tó dé pápá, a ti pọn omi kún àmù nílé, a ti gbálẹ̀ kíláàsì, a sì ti fi àdá ṣán koríko tí a fẹ́ sáré lórí rẹ̀. Ìyá mi kì í gbọ́ àwáwí. Bí àmù kò bá kún dé ẹnu, ráúńdà di èèwọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré wá láti Òmùò, nítorí náà Tíṣà Òmùò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mi ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ títí di òní. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò ní kí o kúnlẹ̀, kí o gbé igi náà sókè lórí, kí o máa bi ọwọ́ rẹ ní ohun tó ń rò. A máa ń kúnlẹ̀ lóòótọ́, a sì máa ń bi í. Ọwọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí.

Ọmọ mi kan wà ní Amẹ́ríkà báyìí tó fẹ́ràn eré wọn kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi hàn mí lórí fóònù, mo ní, “Ṣé kì í ṣe ráúńdà nìyí? Àwọn géńdé ọkùnrin ló kàn ń gbá a.” Inú rẹ̀ kò dùn sí mi. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, àti pé kò sí ohun kékeré kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kì í kọ sílẹ̀: ẹni tí bọ́ọ̀lù bà lára jù lọ, ẹni tó dá nìkan mú ènìyàn mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó gbá a fún ẹgbẹ́ kan lọ́sàn-án tó sì tún gbá a fún ẹgbẹ́ mìíràn lálẹ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lágbàáyé rí. Mo ní kí ó bá mi sọ fún wọn pé àwa náà ní tiwa.

Sìkírá, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ kan nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù padà ń wá a nínú koríko. Inú àpò yunifọ́ọ̀mù ẹni tó ń wá a yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù wà. Bọ́sẹ̀ ní tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú abọ́ ìyá ẹlẹ́wà tó ń ta oúnjẹ fún wa. Tíṣà Òmùò ní bọ́ọ̀lù kò tíì balẹ̀, kò sì sí ẹni tó hán an, nítorí náà kí Bọ́sẹ̀ máa sáré lọ. Ìyá ẹlẹ́wà fi ọmọrí dé abọ́ rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ ìdọ̀tí bọ inú ẹ̀wà òun. Bọ́sẹ̀ sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó. Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Ṣùgbọ́n tèmi ju tiwọn lọ, mi ò sì ní tijú láti sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ Ìkéré ni bàbá mi, ọmọ Ìsẹ̀ sì ni ìyá mi. Èmi àti Moróunkẹ́ ń gbé òpópó kan náà ní Ìkéré. Abọ́ kan la fi ń jẹ iyán nílé wọn, ẹní kan la jọ ń sùn lé nílé wa bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ ráúńdà wa. Kò sí àṣírí ọwọ́ mi tí kò mọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ iléèwé kan wá láti Ìsẹ̀ láti bá wa gbá ráúńdà. Àdéhùn ni pé àwa yóò kọ́kọ́ gbá tiwa tán, lẹ́yìn náà àwọn yóò gbá, ẹni tó bá ní ìyípo jù ló borí. A gbá, a gbá, ó ku èmi nìkan. Mo di igi mú, mo tutọ́ sọ́wọ́ bíi ti àwọn tó ń la igi ìdáná, òjò bá dé. Kì í ṣe òjò tí ènìyàn ń dúró wò. Kí n tó ju igi sílẹ̀, àwọn ọmọ Ìsẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ wọn. Tíṣà Òmùò dúró sábẹ́ òrùlé kíláàsì, ó ń pariwo pé ibi tí òjò ti bá wa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá tún pàdé, kí oníkálukú rántí ipò rẹ̀.

Ìsinmi gígùn dé lẹ́yìn náà. Moróunkẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ọ̀rùn-Èkìtì láti bá wọn wa iṣu tuntun. Kò tíì padà nígbà tí wọ́n fún bàbá mi ní tíránsífà sí Ìsẹ̀. Tíṣà ni bàbá mi, tíránsífà sì ni àrùn tó ń ṣe ọmọ tíṣà. Ọkọ̀ akẹ́rù dé láàárọ̀, a di bẹ́ẹ̀dì, a di àmù, a so àwọn adìyẹ lẹ́sẹ̀ pọ̀, ó di Ìsẹ̀. Mo bẹ bàbá Moróunkẹ́ kí ó bá mi sọ fún un pé a ti lọ, pé n óò máa retí rẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Ẹ̀yin náà kúkú mọ àwọn káfíńtà àti àdéhùn.

Wọ́n kẹ́ mi nílé bàbá ìyá mi ní Ìsẹ̀, n kò lè parọ́. Ní iléèwé ni ọ̀rọ̀ ti ṣòro. Bí mo bá ti lanu pẹ́nrẹ́n, wọ́n á sín èdè Ìkéré tó wà lẹ́nu mi jẹ, wọ́n á ní kí n tún un sọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí i pé mo mọ igi gbá ni wọ́n tó yọ̀ǹda àyè fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ramọ́tà, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ni mo jókòó tì. Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan bíi Moróunkẹ́ níbẹ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé a ó lọ parí eré tí òjò dá dúró ní Ìkéré, mi ò lè jẹun. Mo di ẹ̀pà yíyan sínú ìwé, mo fi sápò fún Moróunkẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ní pápá, mo rí i, mo pe orúkọ rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó wo yunifọ́ọ̀mù Ìsẹ̀ tó wà lọ́rùn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yíjú sí apá ibòmíràn. Ó dùn mí wọ inú egungun. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ti kọ̀ mí, ó parí.

Àríyànjiyàn ló gbà mí lọ́wọ́ ẹkún. Tíṣà Òmùò ní eré kù sọ́dọ̀ ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọmọ Ìkéré. Ta ni ẹni ìkẹyìn ọ̀hún? Èmi ni. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé wa àtijọ́ di apá mi ọ̀tún mú, ó ní, “Ọmọ wa rèé. Ulé bàbá rẹ̀ nù un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló kù kó gbá a.” Tíṣà tó kó wa wá láti Ìsẹ̀ di apá òsì mú, ó ní, “Ọmọ ọmọ wa obìnrin ni. Ulé wa ló ti jẹun láàárọ̀ yìí kó tó wọkọ̀.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ méjèèjì tọ̀nà, ìlú bàbá kò sì lè ní kí ìlú ìyá máà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fà mí síwá, wọ́n ń fà mí sẹ́yìn, bí ẹni pé ìyàwó ni wọ́n wá gbé.

Tíṣà Òmùò họ orí. Ó ní, “Kó parí uṣẹ́ ulé bàbá rẹ̀, kó tó lọ bẹ̀rẹ̀ ti ulé ìyá rẹ̀.” Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Ọmọ Òmùò ni, kì í ṣe ọmọ Ìkéré, kì í ṣe ọmọ Ìsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní ó ṣègbè.

Báyìí ni mo ṣe wọ aṣọ Ìsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Ìkéré. Ramọ́tà ló jù ú sí mi, ó sì jù ú bí ẹni tí mo jẹ ẹran rẹ̀. Mo gbá a, ó fò lọ sí ìdí igi mángòrò, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo sì yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Àwọn ọmọ Ìkéré gbé mi sókè. Kò sí Moróunkẹ́ nínú àwọn tó gbé mi.

Mo sọdá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ìsẹ̀. Wọ́n gbá tiwọn títí ó fi ku ìyípo kan ṣoṣo kí ó dọ́gba, ó sì ku èmi nìkan lẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn náà ni wọ́n máa ń fi àlejò sí. Ìyípo tí mo fún Ìkéré gan-an ni mo wá ń lé. Mo di igi mú. Ìgbà náà ni mo rí Moróunkẹ́ tó kúrò nídìí òpó rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń rìn lọ. Ọ̀gá iléèwé ń pè é pé kí ó padà sí ipò rẹ̀, ńṣe ló tún yára sí i. Mo ní ó tún burú tó bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ fojú rí mi. Omi bo ojú mi. Mo fi gbogbo agbára àti gbogbo ìbínú gbá bọ́ọ̀lù náà, mi ò gbá bọ́ọ̀lù tó le tó yẹn rí.

Ìdí igi mángòrò ló tún lọ. Moróunkẹ́ sì ti dúró síbẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó hán an.

Ìkéré borí, mo jàre. Ìsẹ̀ pàdánù, mo jẹ̀bi. Mo ṣì dúró síbẹ̀ tí Moróunkẹ́ fi sáré kọjá lára gbogbo àwọn tó fẹ́ gbé e, ó wá bá mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó ní, “Ìdí ugi mángòrò lo máa ń gbá a sí bí inú bá ń bí ọ. Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé rẹ ni?” Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fi ẹkún béèrè ìdí tí mo fi lọ láìsọ fún òun. Mo ní mo rán bàbá rẹ̀. A jọ wo bàbá rẹ̀, tó dúró láàárín àwọn òǹwòran. Ó ń yẹ ìdí ọ̀kan nínú àwọn òpó wò bí ẹni pé nǹkan ṣe é. A jókòó, a jẹ ẹ̀pà náà tán.

Nínú ọkọ̀ tí a fi padà sí Ìsẹ̀, wọ́n sọ mí ní Ìyàwó Ìlú Méjì, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára mi níbẹ̀. Ramọ́tà ní kí n má banú jẹ́, pé ìyípo tí mo gbà lórí bọ́ọ̀lù tí òun jù náà wà lára ohun tó pa wá. Ó fún mi ní ìdajì àgbàdo sísun rẹ̀, àtìgbà náà la ti ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí pápá yẹn ká, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ráúńdà. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi pààrọ̀ iléèwé lọ́dún tó kọjá, kí a tó tú ẹrù rẹ̀ tán, ó ti bá gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù, ó sì ti rí ojú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó fà á lápá pé ọmọ ta ni. Inú mi dùn fún un, nítorí èmi lo odindi sáà iléèwé kan pẹ̀lú ìrònú pé ọ̀rẹ́ mi ti gbàgbé mi, kò sì sí ohun tí mo lè tẹ̀ láti fi béèrè. Èmi àti Moróunkẹ́ náà ń pe ara wa lórí fóònù báyìí, a sì máa ń jà lórí ẹni tó yẹ kí Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mú mi jáde nínú eré kí n tó dàgbà kọjá rẹ̀. Òun nìkan ni mo tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.