Géèmù Kan, Ọwọ́ Táyé àti Ọwọ́ Mi

Òórùn léèdì tó ń yọ́ lábẹ́ irin gbígbóná kò tíì kúrò nímú mi láti ọjọ́ tí a wọ ṣọ́ọ̀bù atún-rédíò-ṣe kan ní Òkukù. Bí mo bá ń kọjá níwájú àwọn tó ń tún fóònù ṣe lónìí, tí òórùn náà bá gún mi nímú, àtàǹpàkò ọ̀tún mi á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìwọ tí a jọ dàgbà láyé ìgbà náà, lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀, o mọ ohun tí géèmù tó ṣeé mú lọ́wọ́ jẹ́ fún ọmọ Ìkìrun. Ọmọ tó bá ní in, gbogbo àdúgbò ló ń kí i kú àárọ̀.

Àbúrò bàbá wa ló kó tiwa wá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń rajà. Wọ́n ra géèmù kan ní Jàpáàn fún Táyé, pẹ̀lú káàdì pẹlẹbẹ kan tí eré wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lórí àtẹ lọ́hùn-ún, nítorí náà nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n ra ìkejì fún èmi Kẹ́hìndé. Wọ́n ní a ó jọ máa yá ara wa ní káàdì. Dúdú ni géèmù méjèèjì, o ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. A ti káàdì bọ inú ti Táyé, ọkùnrin kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó ń sáré lórí òkè, orin ń dún. A yọ ọ́, a tì í bọ inú tèmi, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. A nù ún, a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a pààrọ̀ bátìrì. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Màmá wa, tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. Má rẹ́rìn-ín o. Obìnrin tó gbààwẹ̀ lórí òkè àdúrà títí kó tó bímọ, tí Olúwa wá fi ìbejì ta á lọ́rẹ, kò ní fi wọ́n ṣeré. Bí wọ́n bá gé ẹran fún wa, wọ́n á kọ́kọ́ wo méjèèjì dáadáa kí wọ́n tó gbé e síwájú wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé èyí tí wọ́n bá rẹ́ jẹ nínú wa lè bínú padà sí ibi tó ti wá.

"Ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé," ni wọ́n wí. Wọ́n kó géèmù méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì, wọ́n tì í. Wọ́n wá yíjú sí àbúrò bàbá wa. "Ọkọ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi yín bá parí tí ti Kẹ́hìndé ò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó méjèèjì dání."

Táyé ò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fa ikun símú. Mo bá a níbẹ̀, mo ní géèmù kankan ò ní padà sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò.

Mo bẹ Màmá títí wọ́n fi kó géèmù méjèèjì sínú báàgì fún wa, kí a lè wá ẹni tó máa tún tèmi ṣe. Ní Inisa, ẹni tí wọ́n júwe fún wa kò ní irin tó lè tú u. Táyé ní ká máa lọ sílé. Mo fà á lọ́wọ́ wọ bọ́ọ̀sì Òkukù. Bàbá tó wà níbẹ̀ tú méjèèjì palẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n gbé irin wọn síná, wọ́n ń wo ti ọ̀tún, wọ́n ń wo ti òsì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé irin náà sílẹ̀.

"Èyí ò bàjẹ́ o. Ẹ wo ibi tí káàdì ń wọ̀. Ọ̀nà tí wáyà ti Jàpáàn ń gbà kọ́ ni ti Amẹ́ríkà ń gbà. Wọ́n ti tì í láti ibi tí wọ́n ti ṣe é."

"Bàbá, ẹ ò wá lè ṣí i?"

"Mo lè bà á jẹ́. N ò lè ṣí i."

Wọ́n to méjèèjì padà fún wa. Ìjókòó ẹnì kan ni kọ́ndọ́ bọ́ọ̀sì há àwa méjèèjì mọ́ nígbà tí à ń padà. Apá òsì mi àti apá ọ̀tún Táyé há sáàárín wa, a ò lè mira. Mo ní kó tan tirẹ̀. Ó ní, "Bí tìẹ ò bá tàn, n ò ní tan tèmi." Omi ń bọ̀ lójú mi, àmọ́ mi ò jẹ́ kó já bọ́. Mo wo géèmù tó wà lórí itan rẹ̀. Bọ́tìnnì ìrìn wà lápá òsì, ti fífò àti lílù wà lápá ọ̀tún. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ráyè, mo wo tèmi.

"Ọwọ́ òsì ẹ dà? Ìwọ máa rìn, èmi á máa fò."

Ọkùnrin kékeré náà kú sínú kòtò kó tó di pé a dé Inisa, ó tún kú, ó tún kú. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ti na ọrùn. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n sẹ́sẹ̀ ń pariwo, "Fò ó! Ọmọ yìí, fò ó!" Nígbà tí a fi máa dé Ìkìrun, ó ti fo kòtò náà kọjá.

Àpò àbúrò bàbá wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a wọlé. A jókòó síwájú Màmá, a tan géèmù. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ mi kúrò: ọkùnrin náà rìn tààrà, ó já sínú kòtò. Wọ́n dá tèmi padà, wọ́n gbé ti Táyé kúrò: ó ń fò sókè sódò lójú kan bíi tòlótòló. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ẹ mú èyí tó dákẹ́ lọ. Èyí tó kù yìí ti dọ́gba."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ ìdí tí àwọn tó ṣe é fi mọ̀ọ́mọ̀ tì í: kí ọjà ìlú kan má baà ṣeé lò ní ìlú kejì. Inú bí mi. Inú sì tún ń bí mi lónìí, nítorí Táyé ti wà lókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn aṣojú ìjọba ibẹ̀ ti fi físà dù mí.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi gbé géèmù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbá a wò. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ti òsì ò mọ nǹkan kan, n ò lè rin ìrìn ẹsẹ̀ márùn-ún. Mo pe Táyé lórí fóònù, mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Èmi náà ńkọ́? Mo ń rìn dáadáa níbí. Inú kòtò ni mo ń kú sí."

Mo ti tún gbé ìwé físà mi lọ fún àwọn aṣojú náà. Mo ní kó dúró sí etí kòtò náà, mo ń bọ̀.