Òkúta Tí Wọ́n Jù Sómi

Koríko ọgbà ìgbafẹ́ yẹn tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nítorí wọ́n ti ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà. A ò tíì rìn dé ibì kan tí inú ti ń bí mi. Bísọ́lá ọmọbìnrin mi ló mú mi lọ. Ó ní wọ́n máa ń kó èèyàn rìn láàárín igi àti létí omi, kí agbára inú ilẹ̀ lè bá wọn sọ ẹrù ọkàn kalẹ̀. Pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bá wọn dé etíkun Èkó. Èmi tí mo ti ń fẹsẹ̀ lásán gun òkè àdúrà láti ìgbà ọmọge, mo wá wọkọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Òsì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Kọ́lápọ̀ ló fà á. Àkọ́bí mi ni, ó ń tún fíríìjì ṣe ní Bẹẹrẹ, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti máa ń fi oríkì jí i: “Àlàó, ọkọ mi, ṣé o jí ire?” Nígbà tó kú, n ò dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ á mọ́, màá dojú kọ yàrá rẹ̀, màá kì í. Bísọ́lá gbà pé orí mi ti ń dà rú. Òun ní tiẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ látìgbà tí a ti sin ín.

Dámiláre lorúkọ ọmọkùnrin tó ń darí wa, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ká dijú, ká mí sínú, ká mí síta. Mo mí títí òòyì fi ń kọ́ mi. Fúnkẹ́, aránṣọ kan láti Òkè Padre, fọwọ́ tọ́ mi: “Màmá, ṣé a ti lè lajú? Ebi ń pa mí.”

Nígbà tá a dé etí adágún, Dámiláre ní kí kálukú mú òkúta kan, kó fi orúkọ ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ pè é, kó jù ú sómi, kó má sì wẹ̀yìn. Gbogbo wọn jù ú. Mo pe tèmi ní Kọ́lápọ̀, mo sì dì í mú.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ.”

“Kí ni kó lọ? Ọmọ mi ni ẹrù?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ohùn yín ń da agbára ibí rú.”

“Agbára tí ohùn abiyamọ lè dà rú, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Ojú ń ti Bísọ́lá. Ó já òkúta náà gbà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú omi.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, wọ́n tún fẹ́ sọ ọ́ nù. Tìrótìró ni mo wọnú omi lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà. Pàbó ló já sí, gbogbo òkúta ibẹ̀ ló jọra. Bísọ́lá sáré wọnú omi tọ̀ mí, ó di ìró mi mú.

“Màmá, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lápọ̀ ti kú!”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Ta ló sọ fún ẹ pé n ò mọ̀?”

Ó wò mí. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún tí kò sun níjọ́ ìsìnkú. Dámiláre tún dé: “Ẹ mí sínú.” Fúnkẹ́ ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

Títí dòní ni mo ń bínú sí ọmọkùnrin yẹn. Rírìn ò burú. Àwa náà ń gun òkè, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn wa la máa ń gbé lọ síbẹ̀, a kì í lọ dà á nù. Bísọ́lá kò tíì bẹ̀ mí. Níjẹta, a jọ ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ní, “Màmá, ẹ rántí bí Bọ̀ọ̀dá Kọ́lápọ̀ ṣe máa ń jí ẹran nínú ìkòkò, tí yóò wá ní ológbò ni?” A rẹ́rìn-ín títí. Ni inú bá tún bí mi, nítorí gbogbo oṣù tó fi pa ẹnu mọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo ń dá pè é.