Ìjà Bàbá Kúkurú àti Bàbá Gíga ní Kíláàsì Wa

Nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, orí ìdúró ni Àlàájà wà, ó ká apá bùbá ẹ̀ sókè, ó ń pariwo pé kò sóhun tó burú nínú kí obìnrin kọ lẹ́tà sí ọ̀tá ọkọ ẹ̀. Màmá Dèbórà ń pariwo pé ó burú jáì. Àwọn ìyá tó kù ti pín sí méjì lẹ́yìn wọn. Ọmọ mi Bọ́lá, tí mo pọ̀n, ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá yìí wá wò ó bóyá kí wọ́n ti kíláàsì náà pa ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ́kọ sí. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Bọ́lá ò tíì rìn nígbà tí mo ríṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi láyé. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ti lọlé, àwọn ìyá onísòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ á wá jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún wọn á máa kan tábìlì. Inú mi dùn débi pé mo máa ń kọrin lọ síbi iṣẹ́.

Ìwé tí wọ́n fún mi láti fi kọ́ wọn ló fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́. "Bàbá ra ẹran." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹran kí ni?" Àlàájà bi mí. Ike ló ń tà, ó sì dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ.

"Ìwé ò sọ, mà."

"Ó rà á fún ta ni?"

"Ìwé ò sọ, mà."

"Tíṣà, ìwé yìí ò mọ nǹkan kan."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sá kúrò ní kíláàsì. Ìsípẹ́kítọ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń ti Ọ̀yọ́ wá, wo iyàrá náà lọ́jọ́ kan, ó wúkọ́. "Ìyàwó, ṣé àga lò ń kọ́ ni?" Ó ní tí òun bá tún padà wá, tí nǹkan ò bá yàtọ̀, òun á ti kíláàsì náà pa, kí n sì wáṣẹ́ mìíràn. Mo délé, mo sunkún. Bọ́lá náà bá mi sun ún, kò tiẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Nínú àpótí aṣọ mi ni mo wá rí ìwé kan tí olùkọ́ ìtàn wa l'Ọ́yọ̀ọ́ fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo jáde iléèwé. Lẹ́tà tí àwọn ọkùnrin tó dá ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀ àtàwọn ìyàwó wọn ń kọ síra wọn ló wà nínú ẹ̀. Mi ò kà á rí. Mo kàn ṣí i, mo sì já sáàárín ìjà.

Ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀kan kúrú, ó sanra, ó sì tètè máa ń bínú. Èkejì ga fíofío, kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Wọ́n jọ jà gba ìlú wọn lọ́wọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, èyí kúkurú di olórí ìjọba. Ó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, èyí gíga sì fi ìbò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ búra fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìdájí ni èyí kúkurú ti wọkọ̀ lọlé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí Yorùbá díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ ọ́ sí pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi kó kà á fúnra ẹ̀. Orúkọ òyìnbó ò rọrùn lẹ́nu wọn, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Bàbá Kúkurú àti Bàbá Gíga. Kíláàsì kún! Àwọn tó ti sá padà, wọ́n tún mú àwọn orogún wọn dání. Bí ẹni ń sọ ti ará àdúgbò ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ibi tí ọmọbìnrin Bàbá Gíga kú la dé. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, tó jìnnà sílé, ìyàwó Bàbá Kúkurú ló gbà á sọ́dọ̀. Nígbà tí obìnrin yìí gbọ́ pé ọmọ náà kú, ó kọ̀wé kẹ́dùn sí Bàbá Gíga, kò sì sọ fún ọkọ ẹ̀.

"Lẹ́yìn ọkọ ẹ̀?" Màmá Dèbórà ló sọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ń lọ.

"Ọmọ kú, ẹ̀ ń sọ ti ọkọ!" Àlàájà fò dìde.

Ibẹ̀ ni Ìsípẹ́kítọ̀ bá wa.

"Ṣé ọjà nìyí ni àbí iléèwé?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọ̀gá," Àlàájà ní. "Ẹ tètè wá bá wa dá sí i. Bàbá Kúkurú ò tíì bá Bàbá Gíga sọ̀rọ̀ di bá a ṣe ń wí yìí."

"Àwọn wo nìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé sí i. Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó wo ojú wa. "Ẹ̀yin ìyá, àwọn wọ̀nyí ti kú! Wọn ò tíì bí bàbá tó bí bàbá mi tí wọ́n ti kú!"

Àwọn ìyá yíjú síra wọn.

"Tíṣà," Màmá Dèbórà rọra jókòó, "mo gbààwẹ̀ fún wọn o."

"Ẹ gbààwẹ̀, mà?"

"Kí wọ́n lè parí ìjà! Mo tan àbẹ́là fún Bàbá Kúkurú!"

Àlàájà di orí mú. "Èmi wá ńkọ́? Mo ní kí Áfáà ṣàdúà fún wọn lẹ́yìn Jímọ̀. Ó ní àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé, mo ní wọ́n jìnnà díẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí Bọ́lá fi fẹ́ jábọ́ lẹ́yìn mi. Ìsípẹ́kítọ̀ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, wọn ò gbà ọ́ síṣẹ́ kó o máa pàlọ́. Mo ti rí ohun tí mo wá wò." Ó yọ bírò. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

"Ẹ dúró ná," Àlàájà ní. "Kí wọ́n tó kú, ṣé wọ́n parí ẹ̀?"

"Kí ni mo mọ̀?" Ó nawọ́ sí pátákó. "Ta ló tiẹ̀ lè ka ìyẹn nínú yín?"

Àlàájà rìn lọ síwájú. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á pé obìnrin náà gbọ́ pé ọmọ kú. Ó kà á pé òun ló gbé e mọ́ra nígbà kan. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti ní òun ò lè dákẹ́, ó fi etí ìborùn nu ojú. Mo mọ̀ pé òun náà ti sin ọmọ rí. Ó kà á dópin, ó yíjú sẹ́yìn.

"Màmá Dèbórà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ ò ní kọ ọ́?"

"Màá kọ ọ́," Màmá Dèbórà ní. "Màá sì sọ fún ọkọ mi. Tí mo bá ti fi ránṣẹ́ tán."

Ìsípẹ́kítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín níwájú wa rí. Ó ki bírò bọ àpò, ó jókòó sórí àga ọmọdé kan, orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n. "Ìyàwó, kọ ibi tí wọ́n ti parí ẹ̀ sí pátákó. Má kọ ọ́ gùn, mo fẹ́ bá mọ́tò Ọ̀yọ́."

Mo ṣí ìwé wìrìwìrì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ń kà á tẹ̀ lé mi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: Bàbá Kúkurú ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kú ọdún tuntun.

Ariwo sọ! Màmá Dèbórà gbọ́wọ́ sókè. "Ààwẹ̀ mi gbà!"

"Ààwẹ̀ yín kọ́," Àlàájà ní, "àdúà Áfáà ni."

Ìsípẹ́kítọ̀ dìde, ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì nù lára ṣòkòtò. Ó dẹ́nu ọ̀nà, ó dúró.

"Ọjọ́ wo lẹ tún ń kàwé? Mo fẹ́ mọ bí Bàbá Gíga ṣe fèsì."

"Ọjọ́bọ̀ ni, sà."

"Ẹ tètè dé o," Àlàájà pariwo tẹ̀ lé e. "A ò ní dúró dè yín!"