Ẹ́tẹ́rẹ́dì Ará Lotto

Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí kò ka ẹnikẹ́ni sí. Kò ka àwọn ọmọ tó kọ́ ní gbogbo ọdún tó fi ṣe tíṣà ní Ìfọ̀ sí, kò ka àwọn ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ sí, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Lotto, ní Mowé, ni kò wá kà sí jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó dárúkọ ẹni tó yẹpẹrẹ jù lọ nínú gbogbo ẹni tí Ọlọ́run dá, kò ní dárúkọ ọmọ Nàìjíríà kankan. Ọba òyìnbó kan tó ti kú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni yóò dárúkọ. Ẹ́tẹ́rẹ́dì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí Lásúnkànmí wà ní iléèwé àwọn olùkọ́, ìtàn àwọn òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ wọn, bí ẹni pé àwọn baba ńlá tiwọn kò ṣe nǹkan kan rí láyé. Àwọn yòókù ka ìwé náà, wọ́n yege, wọ́n gbàgbé. Òun nìkan ló mú ọba kan jáde nínú rẹ̀ láti máa fi bú èèyàn. Ọmọ iléèwé tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn gba àga mọ́ òun lọ́wọ́, "Ẹ́tẹ́rẹ́dì!" Ọkùnrin tí kò bá lè pàṣẹ nínú ilé ara rẹ̀, "Ẹ́tẹ́rẹ́dì!" Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìbàfò, ti gbọ́ orúkọ náà títí ó fi sú u. Ó ní bí ọba náà bá kanlẹ̀kùn àwọn lọ́jọ́ kan, òun á ní kó wọlé wá jẹun, torí ará ilé ni.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo owó tí ìjọba fún un ló fi ra ilẹ̀ sí Lotto. Ó kọ́lé oníyàrá mẹ́rin sórí rẹ̀, kò rí owó rẹ́ ẹ, ó kó wọlé bẹ́ẹ̀. Ilé yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Kò ní ilẹ̀ mìíràn, kò sì ní owó tó lè fi ra òmíràn mọ́. Ó ti sọ fún Ayọ̀níkẹ́ pé ibẹ̀ lòun máa kú sí, kí wọ́n sì sin òun sí ẹ̀yìnkùlé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹbí onílẹ̀ pín sí ojúlé méjì. Ojúlé kan ló ta ilẹ̀ fún gbogbo àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò náà. Ojúlé kejì, tí olórí wọn ń gbé Ìbàfò, ní àwọn kò gbọ́, àwọn kò sì gba nǹkan kan. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pò símẹ́ńtì, àwọn ọmọkùnrin ojúlé kejì á gun ọ̀kadà dé, wọ́n á dúró sẹ́nu géètì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá àwọn. Díkìnnì Ọlágòkè ni alága àwọn lánlọ́ọ̀dù nígbà yẹn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń nu ojú kó tó dáhùn ìbéèrè. Díkìnnì á lọ láti ilé dé ilé, á gba owó jọ, á kó o fún wọn, wọ́n á lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn bá dé, wọ́n á tún padà pẹ̀lú ẹnu tó tóbi ju ti èṣí lọ.

Ní ìpàdé kan lọ́dún 2005, Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí dìde, ó tọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ìtàn ọba kan fún wọn.

"Ọmọdé ló ṣì jẹ́ nígbà tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí oyè. Àwọn kan tiẹ̀ ní ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e gorí àga. Àwọn ará Dẹ́máàkì ń fi ọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù, wọ́n ń jó wọn nílé. Kí ni ọba ṣe? Ó gba fàdákà jọ lọ́wọ́ aráàlú, ó kó o fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ. Wọ́n náwó tán, wọ́n padà. Ó tún kó o fún wọn, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó: tó bá jẹ́ ẹ̀yin lolè, ṣé ẹ máa fi irú kọ́sítọ́mà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?"

Ilé ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Díkìnnì Ọlágòkè nu ojú.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ló wí. "Àwa kàn fẹ́ máa sùn ní àlàáfíà ni."

"Ẹ́tẹ́rẹ́dì náà fẹ́ sùn," ni Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di alága lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, yàtọ̀ sí ẹnu, kí ló tún ní.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe mú, àwọn ọmọkùnrin dé. Alága tuntun bọ́ síta pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó kún ẹnu ṣàlàyé òfin ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Mùsáfírù ló sá jáde láti ilé kan níbi tó ti ń tún páìpù ṣe, tòun ti sípánà lọ́wọ́, ó bẹ̀ wọ́n, ó tún bẹ̀ wọ́n, ó fà wọ́n sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi gun ọ̀kadà wọn lọ. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí padà wọlé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì òun ló lé wọn.

Ta ni Mùsáfírù? Púlọ́ńbà àdúgbò ni. Kò sí ilé tí kì í ṣe òun ló fa omi sí i. Ọmọ ojúlé kejì yẹn lòun náà, àmọ́ kò bá wọn rìn. Inú ilé kékeré kan ní ìparí àdúgbò lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ilé tó ti wà níbẹ̀ kí lánlọ́ọ̀dù kankan tó mọ̀nà Mowé. Ìyá náà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ló máa ń jókòó sí látàárọ̀. Àwọn lánlọ́ọ̀dù tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó á kí i, "Ẹ káàárọ̀, Mà," wọn kò sì béèrè nǹkan kan jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìwé tí alága mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Báwo ni àwọn ọmọkùnrin yìí ṣe ń mọ ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ da dẹ́ẹ̀kì ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì? Ó ronú títí, ó rí ìdáhùn. Ó ní, "Ọmọ wọn ń gbé àárín wa. Òun ló ń bá wọn gbé ìròyìn." Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn á rí gbogbo dẹ́ẹ̀kì Lotto láì tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ìtàn Ẹ́tẹ́rẹ́dì ní apá kejì, ọ̀gbẹ́ni yìí sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ọba yẹn pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ará Dẹ́máàkì tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá jalè o, apá rẹ̀ kò ká àwọn yẹn. Àwọn tó ń gbé àárín wọn jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ tẹ̀. Ní ìlú kan, wọ́n sá sínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ìlú sì dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ wọn lórí. Tí Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí bá sọ dé ibí yìí, ó máa ń yọ ṣùtì. Ó ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ọba náà pẹ́ débi pé kò lè wá sí i lọ́kàn láé pé àwọn méjèèjì lè jọ hu irú ìwà kan náà.

Sátidé ìmọ́tótó ló yàn. Gbogbo ọkùnrin wà nílé lọ́jọ́ yẹn, olúkúlùkù ti mú àdá àti ṣọ́bìrì jáde, ọ̀nà sì dá. Wọ́n ro etí gọ́tà díẹ̀, wọ́n bá kọjú sí ìparí àdúgbò. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé ìfọ́tí ọlọ́pàá kan á mú kí wọ́n wá ibi sá sí, wọ́n wá di jagunjagun níwájú ilé tí arúgbó kan wà. Wọ́n kó ẹrù Mùsáfírù síta, wọ́n ṣí páànù orí ilé, wọ́n wó ògiri iwájú. Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ẹbí rẹ ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí wí. Ohùn tó fi ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì náà ló lò.

"Bàbá, ìyá mi ò lè rìn."

Nítorí náà wọ́n gbé ìyá náà pẹ̀lú àga tó jókòó lé, wọ́n lọ gbé e kalẹ̀ sí etí títì nínú oòrùn. Ìyá kò bú wọn, kò ṣépè. Ó wo alága láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́." Wọ́n padà sílé alága, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n mu mínírà, wọ́n yin ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí ìyá náà fi kú ní Ìbàfò. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé Lotto wá gbọ́ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Láwàlì ni, ọmọ ìyá kan náà, Bàbá Láwàlì sì ni olórí ojúlé kejì. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọdọọdún ló máa ń ránṣẹ́ sí i pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ má fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni, torí níbẹ̀ lọmọ òun ti ń jẹun. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé owó nìkan ni wọ́n ń gbà láti ọdún yìí wá.

Kò sí ẹni tó lè ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, tàwọn ti katapílà. Wọ́n wó gbogbo fẹ́ǹsì tó dojú kọ títì, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá parí iṣẹ́. Mùsáfírù kò sá jáde wá bẹ ẹnikẹ́ni. Alága ńkọ́? Bó ṣe gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì báyìí, ẹ̀yìnkùlé tó ní kí wọ́n sin òun sí ló gbà sá. Ó wọ mọ́tò lọ sí Èkó, ó gba Agége yọ sí Ìfọ̀, ilé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló sì forí lé, ẹni tó ti pè ní Ẹ́tẹ́rẹ́dì lójú gbogbo àna. Ọba Gẹ̀ẹ́sì náà sá, ilé arákùnrin ìyàwó tirẹ̀ náà ló sá lọ. Àmọ́ ìyẹn tilẹ̀ kọjá òkun.

Ayọ̀níkẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó di báàgì kan, ó tẹ̀ lé e. Nínú pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, bí àlejò lásán. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí kò lè jẹun dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá wọ́n ti wó ilé àwọn, bí ẹni pé obìnrin náà ní ojú tó ń rí Lotto láti Ìfọ̀.

Nígbà tó ṣe, Díkìnnì Ọlágòkè wá a wá. Ó ní àdúgbò ń fẹ́ kí alága padà. Bàbá Láwàlì ti gbà láti fi àwọn sílẹ̀, bí alága fúnra rẹ̀ bá lè wá dọ̀bálẹ̀ níbi àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ránṣẹ́ pe Ẹ́tẹ́rẹ́dì padà o, wọ́n ní kó ṣáà ti ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i bí orí Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí ṣe wú!

"Wọ́n ti rí i pé kò sẹ́ni tó lè parí ẹ̀ àfi èmi," ló wí.

"Díkìnnì," ni Ayọ̀níkẹ́ béèrè, "ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ ti sọ yẹn?"

Díkìnnì ní kí wọ́n tètè múra o, ọ̀nà jìn.

Àgbàlá Bàbá Láwàlì kún ní Ìbàfò. Àwọn ààfáà ti ṣàdúrà tán, wọ́n ti ń pín ìrẹsì. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó sọ gbólóhùn tó ti kọ́ sórí láti Ìfọ̀: àṣìṣe ni, kí wọ́n foríjì í, kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá Láwàlì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́. Àdúgbò yẹn, mo ti fi í sílẹ̀ fún wọn. Ilé tí o wó lé ẹ̀gbọ́n mi lórí ló kù. Ilé tìẹ ni Mùsáfírù máa gbà dípò. Àwọn èèyàn ẹ ti fọwọ́ sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí gbé orí sókè, ó ń wá ojú Díkìnnì Ọlágòkè. Díkìnnì ń yọ egungun kúrò lára ẹran. Àwọn lánlọ́ọ̀dù yòókù tó tẹ̀ lé wọn wá, tí wọ́n jọ mu mínírà lọ́jọ́sí, abọ́ wọn ni gbogbo wọn dojú kọ.

Ayọ̀níkẹ́ ló kúnlẹ̀. Kì í ṣe Bàbá Láwàlì ló kọjú sí, Mùsáfírù ni.

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́. Mi ò lè máa sùn ní pálọ̀ àbúrò mi títí ayé. Iyàrá kan péré ni mo fẹ́ háyà lọ́wọ́ yín nínú ilé náà."

Mùsáfírù sáré di apá rẹ̀ mú. "Háà, Mà, ẹ dìde. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbé oúnjẹ wá fún ìyá mi tí mo bá lọ síṣẹ́? Iyàrá tí ẹ bá fẹ́, ẹ mú un. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

Ó rò ó díẹ̀, ó wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, ó ní, "Bàbá ńkọ́, Mà?"

Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí kò gbéra nílẹ̀. Ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ayọ̀níkẹ́ wò ó pẹ́, ó wá ní kí Mùsáfírù jẹ́ kí àwọn lọ wo iyàrá òun.