Ọjọ́ Tí Bàbá Àmínà Sá fún Ejò ní Nose Hill

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá bá mi rẹ́rìn-ín! Ohun tójú mi rí lórí òkè lọ́jọ́ Sátidé kan, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Calgary, ní Canada níbí, nígbà náà, ẹ mọ bó ṣe rí. Engineer ni ọkọ mi ní iléeṣẹ́ epo kan ní downtown, wọ́n wá dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo winter yẹn, basement ilé wa ní Redstone ló wà. Á kírun, á jẹun díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn àpárá bẹ́ẹ̀! Ó di ẹni tí mò ń bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an o. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ìgbà tí snow bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, Àmínà, ọmọ wa ọmọ ọdún méje, ní òun fẹ́ lọ wo òdòdó. Ó fa bàbá ẹ̀ lọ́wọ́: "Daddy, you're not busy. Let's go!"

Háà! Mo dijú. Mo rò pé á jágbe mọ́ ọn ni. Àfi bó ṣe dìde, tó ní ká máa lọ.

Ní Nose Hill, òkè koríko ńlá tó wà nínú ìlú wa, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé híjáàbù mi lọ. Koríko gbẹ, kò sí nǹkan kan. Lójijì ni Àmínà pariwo. Crocus! Òdòdó purple kékeré, onírun múlọ́múlọ́ bí ọmọ adìyẹ, snow ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀! Ni gbogbo wa bá di ọmọdé. "Òmíràn rèé!" "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!"

Bàbá Àmínà ní ó ti rẹ òun, ó fẹ́ jókòó sórí òkúta kan. Òkúta yẹn ṣe bí ẹni ń mira. Ejò! Kì í ṣe ọ̀kan o, wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn, wọ́n ń yá oòrùn.

"Yéè! Ejò o!"

Ọmọ Ìwó tó ní òun ti pa paramọ́lẹ̀ rí! Ó fò, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, bàtà ẹ̀ kan kù sẹ́yìn. Àmínà ò tilẹ̀ mira: "They're just garter snakes, Daddy. They're sleepy!" Ejò tí kì í ṣe èèyàn ní jàǹbá ni wọ́n!

Mo ní, "Bàbá Àmínà, ṣé èmi lẹ fi sílẹ̀ fún ejò?"

Ó wo sọ́ọ̀kì ẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Rárá o, mo fẹ́ lọ pe èèyàn wá gbà yín ni."

Ẹ̀rín bá gbé e! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi náà ń rín, àmọ́ ẹkún gidi ti wà nínú tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ò dé lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun ló jí wa pé ká lọ. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ míì tí kò kan epo rárá, alhamdulillah.

Ohun tí mo kọ́ ni pé, bí èèyàn yín bá ń dá jókòó nínú ilé, ẹ dín ìwàásù kù. Ẹ fà á lọ́wọ́ jáde.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sá fún rí lókè òkun níbí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má sì purọ́ pé ẹ ò sá o!