Èéfín Ilé Onílé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú ilé tí kò tíì parí ni a ń gbé, ní Ayọ̀bọ̀ níbí, nígbà tí oko àgbàdo ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Ẹ má rò pé ilé wa ni o. Ilé onílé ni. Èkìtì ni bàbá àti ìyá mi ti wá, wọn kò rí ibi gbé, ni ọkùnrin kan tó ń kọ́lé bá ní kí wọ́n wá máa bá òun ṣọ́ ọ. Bí èèyàn bá fi ilé sílẹ̀ lásán nígbà náà, kó tó padà dé, wọ́n lè ti tú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kó lọ, tàbí kí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi odindi ìdílé sínú ilé tí kò ní òrùlé. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní, ẹ̀yin kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ni.

Yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ló ní páànù lórí, páànù àlòkù tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn. Onílé ti sọ fún ìyá mi pé, "Ìyàwó, èéfín ni mo fẹ́ kí wọ́n máa rí. Ibi tí èéfín bá ti ń rú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò séèyàn níbẹ̀." Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Iwájú ilé ló gbé ààrò sí, níbi tí àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà á ti rí i. Ọjọ́ tí a kò bá tilẹ̀ ní nǹkan tí a máa sè, yóò dáná. A ó jókòó yí i ká, ebi ń pa wá, èéfín ń ta wá lójú, nítorí kí nǹkan kan má baà ṣe ilé onílé. Bí mo bá rántí, inú mi kì í dùn.

A kò ní aago. Pálọ̀ tí kò lórùlé yẹn ni aago wa. Bí oòrùn bá yọ lẹ́yìn ògiri kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ bà sí òkè ògiri kejì, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi fi èédú fa ìlà síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ìlà òkè, kí n lọ wẹ̀. Bó bá kan èyí tó tẹ̀ lé e, ilé ìwé yá. Ti ìsàlẹ̀ ni kí òun dá iná ọ̀sán. Bí ọ̀yẹ́ bá dé tí oòrùn sún kúrò ní ipò rẹ̀, á fi omi nu ìlà náà, á tún òmíràn fà. "Lọ wo ògiri," ló máa ń sọ, bí ẹ̀yin náà ṣe ń sọ pé kí wọ́n wo fóònù.

Láràárọ̀ ni bàbá mi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run parí ilé náà fún onílé, torí onílé ti ṣèlérí pé bó bá parí, yàrá ẹ̀yìn yóò di tiwa. Gbogbo wa á ṣe Àmín. Ti ìyá mi nìkan ni kì í ròkè. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kì í gbàdúrà kí ilé parí, ọmọ mi."

Àdúrà gbà ṣá. Àwọn káfíńtà dé, inú bàbá mi dùn débi pé ó ń bá wọn ru pákó láìgba nǹkan kan. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ló ń wí, kò jẹ́ kí ìṣó kan ṣoṣo sọnù. Bí wọ́n ṣe ń kan páànù ni pálọ̀ ń ṣókùnkùn. Ìyá mi dúró ní àárín rẹ̀, ó ń wo ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ẹnu pé, "Lọ wo..." ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò sí lára ògiri mọ́. Mo pẹ́ dé ilé ìwé, wọ́n nà mí.

Kò pẹ́ sí i ni onílé dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tòun tìyàwó rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣé gan-an," ló wí. "Ẹ bá wa ṣọ́ ọ dáadáa, Ọlọ́run á ṣọ́ tiyín náà. Àbúrò ìyàwó mi ló ń bọ̀ wá gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú onílé àti bàbá mi, mi ò tíì mọ ẹni tí mo ń bínú sí jù.

Ṣùgbọ́n igbó ṣì wà nígbà náà. Bàbá mi tọ àgbẹ̀ kan lọ, ó bẹ̀ ẹ́, ó gé igi, ó sì fi páànù àlòkù rẹ̀ bo ahéré kan fún wa.

Ọmọkùnrin mi ń kọ́lé sí Igando báyìí. Òun náà fi ìdílé kan síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi lọ wò ó. Iwájú ilé ni ìyàwó ẹni tó ń ṣọ́ ọ dáná sí. Mo ṣí ìkòkò rẹ̀, omi lásán ló ń hó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa yọ̀, wọ́n ní káfíńtà ti ń bọ̀." Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń yọ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, mo bi ọmọ mi pé níbo ni ìdílé náà máa kó lọ bí ilé bá parí. Ó ní, "Màmá, wọ́n kúkú mọ̀ pé ilé onílé ni, jàre." Kò parọ́. Mo gbójú sí ojú ọ̀nà láti Igando títí a fi dé Ayọ̀bọ̀, bóyá mo lè rí igbó. Ilé lẹ́yìn ilé ni, ibi tí kò sì sí ilé, wọ́n ti mọ odi yí i ká. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Aago ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn báyìí, ibi tí ẹni tí wọ́n bá lé jáde lè gbé ààrò rẹ̀ sí ni kò sí mọ́.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi pè mí pé kí n fi àdúrà ran òun lọ́wọ́ kí ilé náà lè parí. Ọmọ mi ni, mo gbà á. Nígbà tó kan Àmín, tèmi kò ròkè.